Tíṣà Tó Ń Fẹ̀yìn Rìn

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé iṣẹ́ tíṣà kíláàsì kìíní rọrùn, ẹ bi í bóyá ó ti bá odidi kíláàsì ọmọ ọdún márùn-ún wọ bàtà lẹ́ẹ̀kan náà rí. Ẹlòmíì á ki ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ tòsì, ẹlòmíì á gbé bàtà ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọ̀, ẹnì kan á sì jókòó gẹlẹtẹ sílẹ̀, á máa sunkún pé ẹsẹ̀ òun ti tóbi jù. Láàárín gbogbo wàhálà yìí, obìnrin kan wà tí kì í pariwo. Á kàn dúró síwájú wọn, á pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, á ní, "Ẹ wò mí." Gbogbo ojú á sì yí sí i. Ìdí nìyẹn tí àwọn òbí fi ń pè é ní Tíṣà Ẹ-Wò-Mí. Orúkọ náà ti mọ́ ọn lára débi pé bí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀ gan-an, ó máa ń wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíì ni wọ́n ń pè.

Ọgbọ́n kan wà tí obìnrin yìí ń dá, tí ẹni tí kò fara balẹ̀ kò lè rí. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó kọjú sí àwọn ọmọ, ó na ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó ní, "Ọwọ́ ọ̀tún." Ni gbogbo wọn bá na ọwọ́ òsì. Kì í ṣe ẹ̀bi wọn. Bí èèyàn bá kọjú sí wa, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ á bọ́ sí apá òsì wa, bí ọmọdé bá sì ṣe rí i ló ṣe ń ṣe é. Ẹlòmíì ì bá fa pankẹ́rẹ́ yọ. Tíṣà tiwa lọ sílé, ó dúró síwájú dígí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ara rẹ̀ láti máa ṣe ohun gbogbo lódì. Láti ìgbà náà, bó bá fẹ́ kí wọ́n na ọ̀tún, òsì ni òun á na. Bó bá ń fi ìka kọ nọ́ńbà sínú afẹ́fẹ́ kí wọ́n lè máa fara wé e, òdì ló ń kọ ọ́, kó lè hàn tààrà sí wọn. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò. Ẹ kọ àárùn-ún lódì sínú afẹ́fẹ́, kí ẹ sì máa fi ojú kan ṣọ́ ọmọ tó fẹ́ ki ṣọ́ọ̀kì bọmú. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán.

Àṣà náà bá a délé. Awakọ̀ ni ọkọ rẹ̀, ó sì fẹ́ràn láti máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Bí wọ́n bá jọ ń lọ, tí ìyàwó ní, "Yà sọ́tùn-ún," tó sì nawọ́ sósì, ọkọ kì í wulẹ̀ wo ọwọ́ ọ̀hún.

"Ìyá àwọn ọmọ," á ní, "ẹnu ẹ ni mo ń gbọ́ o. Ká ní ọwọ́ ẹ ni mo ń wò ni, inú kòtò là bá wà báyìí."

Obìnrin náà á rẹ́rìn-ín, á sì ki ọwọ́ ọ̀hún bọ abẹ́ itan.

Lọ́jọ́ ìdárayá ọdọọdún, gbogbo kíláàsì ló máa ń yan kọjá níwájú àwọn òbí. Àwọn tíṣà yòókù á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, wọ́n á máa pariwo. Ẹ-Wò-Mí ní tiẹ̀, ẹ̀yìn ló fi ń rìn yí pápá ká, ojú rẹ̀ á wà lára àwọn ọmọ, á máa gbé ẹsẹ̀ kí wọ́n lè gbé tiwọn. Kò sí òbí tí kò mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Bó bá fẹ́ kọ lu òpó, wọ́n á ké sí i.

Nígbà tó yá, ọ̀gá tuntun dé sílé ìwé náà. Kì í ṣe èèyàn burúkú, kí n má purọ́ mọ́ ọn. Ó kàn fẹ́ kí gbogbo nǹkan máa dán ni. Ó pe Tíṣà Ẹ-Wò-Mí sí ọ́fíìsì, ó fún un ní àga.

"Màmá, ẹ ti gbìyànjú," ó ní. "Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kéékèèké yìí ń fẹ́ ẹni tára ẹ̀ ṣì le. Láti táàmù tó ń bọ̀, mo fẹ́ kí ẹ máa bójú tó yàrá ìkàwé. Ẹ máa rí àyè sinmi níbẹ̀."

Yàrá ìkàwé dára, ìwé kì í sì í tọ̀ sára. Ṣùgbọ́n ìwé kì í wo èèyàn lójú. Bí wọ́n bá gba kíláàsì kìíní lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọ ohun tó tún fẹ́ máa jí wá ṣe láàárọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ó ní, "ẹ jẹ́ kí n bá wọn yan lọ́jọ́ ìdárayá ná. Tí wọ́n bá dójú tì yín, èmi fúnra mi ni mà á gbé báàgì mi lọ sí yàrá ìkàwé."

Ọ̀gá rò ó. "Ó dáa. Àmọ́ ẹ ò gbọdọ̀ fẹ̀yìn rìn o. Àlejò ń bọ̀ látọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́. Kí tíṣà kọ̀ọ̀kan ṣáájú kíláàsì ẹ̀, kó kọjú síbi tó ń lọ bí àgbàlagbà."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í múra sílẹ̀ lẹ́yìn ilé ìwé, lẹ́bàá ẹ̀rọ omi. Èyí tó wà níwájú pátápátá ni ọmọbìnrin pẹ́ńpẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Lọ́yà, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ tí kì í dá sí. Tí ọmọ kan bá ṣi ẹsẹ̀ gbé, Lọ́yà á yọjú wò ó, á sì dá a lẹ́jọ́ lójú ẹsẹ̀. Tíṣà ń kọ́ wọn pé bí wọ́n bá dé iwájú àlejò, kí wọ́n dúró, kí wọ́n gbé ọwọ́ ọ̀tún síwájú orí, kí wọ́n kí i. Ó kọjú sí wọn bó ṣe máa ń ṣe, ó ń gbé òsì, wọ́n ń gbé ọ̀tún. Ó dùn ún wò.

Ọjọ́ pé. Pápá kún, wọ́n ta ìbòòrùn, ọ̀gá jókòó ti àlejò náà, ó wọ kóòtù nínú ooru. Nígbà tó kan kíláàsì kìíní, Tíṣà Ẹ-Wò-Mí bọ́ síwájú, ó gbé àsíá dání, ó kẹ̀yìn sí àwọn ọmọ rẹ̀. Kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ṣe ló ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ wọn lẹ́yìn tí kò sì rí ojú ẹnì kan, ẹ̀rù sì ń bà á. Wọ́n dé iwájú àlejò. Ó dúró. Ó pàṣẹ pé, "Ọwọ́ ọ̀tún!" Ó sì gbé ọwọ́ síwájú orí tìgboyà-tìgboyà.

Ẹ̀rín bú. Àwọn òbí ń rẹ́rìn-ín, àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara wọn. Inú obìnrin náà bàjẹ́, ó ní, ó tán, àwọn ọmọ mi ti ṣì í. Ó yíjú padà.

Gbogbo ọwọ́ ọ̀tún ló wà lókè. Gbogbo wọn pátá. Kò sí èyí tó wọ́, kò sí èyí tó ń wo ẹnì kejì. Ayọ̀ tó kọ́kọ́ gba ọkàn rẹ̀ pọ̀ débi pé ó pẹ́ díẹ̀ kó tó gbọ́ ohun tí Lọ́yà ń sọ.

"Tíṣà, òsì lẹ̀yin gbé yẹn."

A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti kíkí àlejò. Ọ̀gá sọ orí kọ́. Tíṣà Ẹ-Wò-Mí yí ọwọ́ padà, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ fi tọrọ àforíjì, ó sì kó àwọn ọmọ rẹ̀ kọjá. Ó lẹ́nu tó lè fi ṣàlàyé. Kò ṣàlàyé.

Lọ́nà ilé, ọkọ rẹ̀ wakọ̀ títí láìṣe yẹ̀yẹ́ kankan. Nígbà tó yá, ó ní, "Mo rí ọwọ́ àwọn ọmọ yẹn. Kò séyìí tó ṣì í."

"Èmi náà rí i," ìyàwó rẹ̀ dáhùn, ó sì wojú fèrèsé títí wọ́n fi délé.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọ̀gá wá sí kíláàsì kìíní, kọ́kọ́rọ́ yàrá ìkàwé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì kékeré lẹ́yìn, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n, ó ń wo ìta.

"Ẹ wò mí," ni Tíṣà wí.

"Ọ̀gá, ẹ̀yin náà ni wọ́n ń bá wí," ni Lọ́yà, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, sọ fún un.

Ọ̀gá yíjú. Ìka Tíṣà gbéra nínú afẹ́fẹ́, tàwọn ọmọ gbéra, ọ̀gá náà bá wọn gbé tiẹ̀. Ó fara wé e délẹ̀: àárùn-ún ni, ó gún régé. Ó fẹ́ gbọ́wọ́ sílẹ̀ ni, àfi bó ṣe dá ọwọ́ náà dúró lójijì. Iwájú wọn lobìnrin náà wà, ó kọjú sí wọn. Báwo ni àárùn-ún rẹ̀ ṣe wá kọjú sí ibi tó yẹ kó kọjú sí?

"Màmá, ẹ tún un kọ," ó ní.

Ó tún un kọ. Lọ́tẹ̀ yìí ọ̀gá wo ọwọ́ rẹ̀ dáadáa, ó sì rí i pé òdì ló ń lọ.

"Ṣé bí ẹ ṣe máa ń ṣe é nìyẹn? Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀, sà."

"Àti lọ́jọ́ ìdárayá?"

"Mo gbàgbé pé ẹ̀yìn mi ni wọ́n ń wò, sà."

Ọ̀gá dìde lórí bẹ́ǹṣì náà, ó ti kọ́kọ́rọ́ bọ àpò. "Èmi ni mo ní kí ẹ kẹ̀yìn sí wọn," ó ní. "Ẹ má bínú, Màmá. Mà á wá ẹlòmíì síbi ìwé. Kíláàsì yín nìyí."

Omi lé ròrò sójú Tíṣà Ẹ-Wò-Mí. Ó gbé ọwọ́, ó fi nù ún. Gbogbo kíláàsì tó ti ń wò ó náà gbé ọwọ́ tiwọn, wọ́n sì nu ojú gbígbẹ.