Ìwé Tí Brice Kọ, Tó sì Fi Ẹnu Ara Rẹ̀ Bà Jẹ́

Ní gbogbo Sàkété, kò sí ẹni tó ń rọra ṣe nǹkan bíi Brice, olùkọ́ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bó bá ń gun alùpùpù rẹ̀ lọ, àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn á kí i, á dá wọn lóhùn, wọ́n á tún bi í léèrè àlàáfíà ilé kó tó kọjá wọn. Ṣùgbọ́n ìwé tí onísùúrù yìí fẹ́ràn ni ìwé ìtàn tí ń sáré àsápajúdé: ayé tí kò tíì dé, ẹ̀rọ tó ń jí ìrántí èèyàn, ìlú tí gbogbo aago rẹ̀ dákẹ́ lójijì, ẹnì kan ń sá, ẹnì kan ń lé e, òǹkàwé ò sì gbọdọ̀ mí. Ó kà wọ́n títí, ó ní òun náà á kọ tòun.

Ọdún mẹ́ta ló fi kọ ọ́ ní èdè Faransé. Ó kún kàyé mẹ́fà, irú èyí tí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ń kọ̀wé sí. Huguette ìyàwó rẹ̀, ìyá Éric ọmọ wọn, gbà láti kà á, ojú ìwé kejì ni oorun ti gbé e lọ, bẹ́ẹ̀ èèyàn mẹ́rin ti kú lójú ìwé kìíní. Ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ gba kàyé kan, ó fi tẹ́ abẹ́ ife kọfí. Ó dun Brice wọra. Kò wá owó, kò wá òkìkí. Kí ẹnì kan ṣá ka ìwé náà kí ẹ̀rù bà á, ohun tó ń fẹ́ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ló bá kó kàyé lọ bá Berthe pé kó bá òun fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́. Berthe yìí náà ni akọ̀wé ìjọ aláṣọ funfun tí Brice ń lọ. Táwọn aríran bá ríran, òun ló ń kọ ọ́ sílẹ̀, á tẹ̀ ẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀, alàgbà á sì kà á fún ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi. Orí tábìlì kan náà ni ìran àti ìtàn jọ wà, fáànù kan náà ló ń fẹ́ sí wọn. Ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn, alàgbà Ézéchiel dúró láìwọ bàtà níwájú ìjọ, ó ń tú Faransé sí èdè wa bó ṣe ń kà. Ó ka ti òjò. Ó ka ti aboyún kan ní Yoko tó gbọ́dọ̀ máa gbàdúrà. Ó ṣí ewé tó kàn, ohùn rẹ̀ yí padà.

"Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kí ọmọbìnrin kankan má ṣe gba orí afárá kọjá. Àwọn aláìlójú ń dúró lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá kọjá, wọn yóò gba orúkọ rẹ̀, ìyá tó bí i kò sì ní dá a mọ̀ mọ́."

Ìjọ ké "Jésù!" Brice fẹ́rẹ̀ẹ́ jábọ́ lórí bẹ́ǹṣì. Orí keje ìwé rẹ̀ ni! Ọ̀rọ̀ ìyá arúgbó inú ìtàn rẹ̀ ni! Obìnrin tó jókòó níwájú rẹ̀ ń gbọ̀n, ọkùnrin kan ti kúnlẹ̀. Ó yẹ kó dìde lójú ẹsẹ̀. Kò dìde. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, inú rẹ̀ ń dùn. Ó tiẹ̀ ń rò ó pé bóun bá ti mọ̀ ni, òun ì bá fi ariwo omi díẹ̀ kún un.

Ìgbà tí wọ́n jáde ni ayọ̀ náà kú. Déborah, ọmọ alàgbà Ézéchiel, ní ìdánwò lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn gan-an ní Àjàṣẹ́, láti wọ iléèwé àwọn nọ́ọ̀sì. Ọdún yìí nìkan ló lè ṣe é, ọjọ́ orí rẹ̀ ò ní gbà á lọ́dún tó ń bọ̀. Afárá sì wà lójú ọ̀nà. Bàbá rẹ̀ ní, "O ò lọ mọ́." Ọmọ náà ò jiyàn, ó kàn fi aṣọ funfun bojú, ó ń sunkún.

Ẹni bí ọmọ ọ̀ràn ní ń pọ̀n ọ́n. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé, Brice kó kàyé rẹ̀, ó mú Berthe dání, ó di ilé alàgbà. Àwọn àgbà ìjọ mẹ́rin ti wà níbẹ̀.

"Papá, ẹ dákun, èmi ni mo kọ ọ́."

"Ìwọ Bàbá Éric?" Alàgbà Ézéchiel wò ó láti òkè délẹ̀. "Ìwọ tó ń bẹ ewúrẹ́ kó kúrò lọ́nà? Ọ̀rọ̀ tó mú orí mi wú yẹn?"

Berthe kúnlẹ̀, ó ní fáànù ló da ewé pọ̀ mọ́ra wọn.

"Ta ló ń darí afẹ́fẹ́?" ni alàgbà dáhùn. Brice ṣí kàyé, ó fi ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ hàn án. Alàgbà mi orí. "Ẹ̀mí ló gba ọwọ́ rẹ kọ ọ́. Ìwọ lo ò mọ̀."

A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, àmọ́ kí ni Brice ì bá ṣe? "Papá, tó bá jẹ́ Ẹ̀mí ni, ṣé Ẹ̀mí á gbàgbé pé ọkùnrin tó kú ní orí kejì ló ń jẹun ní orí karùn-ún?" Ó kà á fún wọn. Ó ka ibi tí òṣùpá ti yọ lẹ́ẹ̀mejì lálẹ́ kan ṣoṣo. Ó ka ti ẹni tó kúrò ní Pobè, tó wọkọ̀ ojú omi kọjá òkun kó tó dé Igana tó wà nítòsí ibẹ̀. Àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Alàgbà Ézéchiel rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Rárá o," ó ní, "Ọlọ́run ò lè kọ irú eléyìí. Déborah, di ẹrù rẹ! Bàbá Éric, ìwọ lo máa sìn ín lọ."

Brice náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó dùn ún lọ́kàn ju ti ife kọfí lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òun àti Déborah wà lẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n fún mọ́ àwọn èrò mìíràn. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n dé afárá, ọmọ náà fẹnu sún mọ́ ọn létí.

"Papá Éric, ọmọbìnrin tó kọjá yẹn, ṣé wọ́n gba orúkọ rẹ̀ lóòótọ́? Kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

Láti ìgbà tí Brice ti ń kọ̀wé, ẹnì kan ò bi í ní irú ìbéèrè yẹn rí. Gbogbo ìtàn náà dìde sí i lọ́fun, ó mọ̀ ọ́n lórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó la ẹnu. Wilfried awakọ̀ ti rẹ rédíò sílẹ̀.

"Wọ́n gba orúkọ ta ni?" awakọ̀ bèèrè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wà lórí bíréèkì, afárá sì ti wà níwájú.

Brice gbé ọ̀rọ̀ náà mì. "Mi ò rántí mọ́," ó ní. "Kò tiẹ̀ dùn."

Ọkọ̀ kọjá. Déborah ní ó mà ṣe o, ó ṣí ìwé tó fi ń múra ìdánwò, ó ń kà á lọ.