Àlékún Íńṣì Méjì

Télọ̀ ni bàbá mi. Iṣẹ́ náà dá a lójú débi pé ó gbà pé kò sóhun tí téèpù kò lè yanjú láyé yìí. Bó bá fẹ́ gé aṣọ, á wọ̀n ọ́n, á tún un wọ̀n, lẹ́yìn náà á fi íńṣì méjì lé e. "Èèyàn lè sanra lọ́la," ló máa ń wí. "Ibo la ti fẹ́ rí aṣọ tí a máa tú sílẹ̀?"

Òfin kan wà nílé wa: aṣọ nìkan ni àlùmọ́gàjí Dádì ń gé. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló fi ta á lọ́rẹ. Mo fi gé bébà lẹ́ẹ̀kan nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, ó sì bú mi bí ẹni tó tiná bọlé.

Lọ́sẹ̀ tí mò ń sọ yìí, rọ́bà tó ń gbé omi láti inú rédíétọ̀ lọ sínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ wa bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Mẹkáníìkì àdúgbò ní òun á bá wa pààrọ̀ rẹ̀. Dádì rẹ́rìn-ín sí i.

"Àbúrò, rọ́bà lásán-làsàn! Ṣé ó le ju apá kóòtù lọ ni?"

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n," ni mẹkáníìkì wí, ó sì bá tiẹ̀ lọ. Dádì ra rọ́bà, ó wọ̀n ọ́n, ó fi ọ̀bẹ ìdáná Màmá gé e, ó dè é mọ́ ẹ̀rọ, ó wá ń rìn káàkiri àgbàlá bí ẹni tó ṣẹ̀dá ọkọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, Màmá mi, tó jẹ́ tíṣà, fẹ́ lọ jókòó níwájú àwọn tó máa yan ọ̀gá ilé ìwé. Aago mẹ́wàá ni wọ́n dá fún un. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti fo orúkọ rẹ̀, ọdún tó ń bọ̀ ló sì máa fẹ̀yìn tì. Tí tòní bá bọ́, ó ti bọ́ nìyẹn. Bọ́ọ̀sì ló fẹ́ wọ̀, ṣùgbọ́n Dádì fàáké kọ́rí: òun ló máa gbé ìyàwó òun. Èmi náà bá wọn lọ, mo jókòó sẹ́yìn.

A kò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí abẹ́rẹ́ tó ń wọn ooru ẹ́ńjìnnì fi wọ ibi pupa.

"Oòrùn ni," ni Dádì wí.

"Oòrùn wo?" Màmá bèèrè. Láti àárọ̀ ni òjò ti ṣú.

Nígbà tó yá, èéfín funfun bo gbogbo iwájú ọkọ̀. Dádì dúró, ó ní àpò Màmá ló wúwo jù. Màmá gbé àpò náà, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń nawọ́ sí ọkọ̀ tó ń kọjá, àánú rẹ̀ sì ṣe mí gan-an. Bọ́ọ̀sì kan kọjá, ó kún fọ́fọ́, kò tiẹ̀ wò wá.

Dádì ti na ọwọ́ sí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tí ẹnì kan kígbe, "Ẹ má ṣí i! Ṣé ẹ fẹ́ kí ojú yín bó ni?" Mẹkáníìkì wa ni, lórí kẹ̀kẹ́, nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun báláú. Ó ń lọ ya fọ́tò.

Ó ní ká jẹ́ kó tutù. Ó wá bu omi sí i, ó ní kí Dádì tan ọkọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ń wo ibi tí omi máa gbà jáde. Kò pẹ́ tó fi rí i. Rọ́bà tuntun náà ti ká kò nítòsí ẹnu rédíétọ̀, omi kò ráyè kọjá dáadáa; bẹ́líìtì fáànù sì ń ha ibi tó ká yẹn títí tó fi lu.

"Ta ló gé èyí? Ó fi íńṣì méjì gùn jù."

"Mo fi àlékún sí i ni," Dádì wí.

"Àlékún kẹ̀? Ẹ̀gbọ́n, ṣé rédíétọ̀ máa sanra ni?"

Pẹ̀lú gbogbo ìbínú rẹ̀, Màmá bú sẹ́rìn-ín.

"Orí bá yín ṣe é," ni mẹkáníìkì wí. "Inú àlékún yín náà ni ihò wà. Ká ṣáà gé e kúrò, ká tún un dè. Àmọ́ sukudiráfà nìkan ló wà lápò mi. Ẹ ní ọ̀bẹ?"

A kò ní. Aago mẹ́wàá ku ogún ìṣẹ́jú. Màmá wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó rọra gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀.

Dádì wò ó. Ó lọ sẹ́yìn ọkọ̀, ó ṣí àpótí iṣẹ́ télọ̀ rẹ̀ tó máa ń gbé káàkiri, ó mú àlùmọ́gàjí jáde. Ó di ojú, ó sì fi gé rọ́bà náà. Ariwo tó ń ṣe kò dára rárá.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta nígbà tí Màmá wọlé. Wọ́n fún un nípò náà.

Àlùmọ́gàjí yẹn kò gé aṣọ dáadáa mọ́. Ńṣe ló ń jẹ ẹ́. Orí tábìlì Màmá ló wà báyìí, ní ọ́fíìsì rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Dádì bá a níbi tó ti ń fi gé bébà. Ó wò ó, ó ní kó rọra.