Àwọn Káàdì Tí Kọ̀ǹpútà Kò Kà

Nígbà tí wọ́n ṣì ń kọ́ gbọ̀ngàn eré ńlá ti Iganmu lọ́wọ́, tí a máa ń rí irin rẹ̀ lókè láti ẹnu géètì ilé iṣẹ́ wa, ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ilé iṣẹ́ aṣọ ni. A ń hun aṣọ, a ń rẹ ẹ́ láró, a sì ń tẹ òdòdó sí i lára. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Mi ò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, yàrá kan ni mo háyà ní Àgùdà, ẹnu mi sì mú ju abẹ lọ. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń sọ pé àwa àgbà kórìíra ẹ̀rọ, ẹ fara balẹ̀. Èmi yìí ni mo kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ gẹ̀gẹ̀.

Kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé iṣẹ́ wa nígbà náà. Ó tóbi tó kọ́bọ́ọ̀dù mẹ́ta tí wọ́n tò pọ̀. Àwa ń làágùn, yàrá tirẹ̀ tutù minimini, bàtà la sì ń bọ́ sẹ́nu ọ̀nà kí a tó wọlé tọ̀ ọ́. Máníjà wa sọ fún gbogbo ayé pé kì í ṣàṣìṣe, kì í sì í ṣojúsàájú. Mo gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Ẹ má dá mi lẹ́bi jù. Títí di ìgbà yẹn, ọwọ́ la máa ń nà sókè ní ilé oúnjẹ òṣìṣẹ́ bí a bá fẹ́ yan alága, ìjà ló sì máa ń dà lọ́dọọdún. Ọdún tó ṣáájú, bẹ́ǹṣì ni wọ́n fi là mí lórí. Nígbà tí ìdìbò tún dé, mo ní kí a máa lu ihò ìbò wa sára káàdì, kí kọ̀ǹpútà bá wa kà á, kí orí mi lè sinmi.

Ẹni méjì ló ń du ipò alága. Ọ̀gbẹ́ni Àjàyí wá láti ọ́fíìsì, ẹni jẹ́jẹ́ ni, òun sì ni máníjà fẹ́. Ẹnìkejì ni Brọ̀dá Làmídì, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀gá àwọn tó ń rẹ aṣọ láró. Ohun kan ṣoṣo ló ń bèèrè: ìbọ̀wọ́ rọ́bà fún àwọn aláró. Bí ẹ bá rí ọwọ́ wọn, àánú á ṣe yín. Kẹ́míkà ti bó o, ó ti sán, wọn ò lè fi ọwọ́ lásán jẹ ọbẹ̀ tó ta. Brọ̀dá Làmídì fúnra rẹ̀ kò lè dé bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a dé e láràárọ̀. Máníjà ní ọ̀rọ̀ ìbọ̀wọ́ lè dúró.

Àǹtí Sìkírá ló ń tọ́jú kọ̀ǹpútà náà. Ọmọ Mushin ni wọ́n, ọmọ Alhaji kan tó ń ránṣọ. Kò sẹ́ni tó fẹ́ràn ẹ̀rọ náà tó wọn. Wọ́n á máa nù ún, wọ́n á máa bá a sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbọ́ ètò mi, wọ́n pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Wọ́n ní, “Dépò, ẹ̀rọ yìí dáa o. Àmọ́ ihò ara káàdì nìkan ló ń rí. Bí káàdì bá wú tàbí tó bá ká kò, ńṣe ló máa tì í dànù. Fún mi ní ẹnìkan tó máa dúró tì mí, ká jọ fojú ka àwọn tó bá tì dànù.”

Mo rẹ́rìn-ín. “Àǹtí, ṣé ẹ ti ń jowú kọ̀ǹpútà ni?”

Wọ́n ní, “O ò gbọ́ ohun tí mo sọ.”

Lóòótọ́, mi ò gbọ́.

Lọ́jọ́ ìdìbò, a pín káàdì fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ihò lèèyàn máa lu síbi orúkọ ẹni tó bá fẹ́. Nígbà tó kan àwọn aláró, ẹnu àgbá aró la bá wọn. Wọ́n yọ ọwọ́ nínú omi, wọ́n nù ún mọ́ ṣòkòtò, wọ́n gba káàdì, wọ́n lu ihò wọn. Mo rí i tí àwọn káàdì náà rin, tí wọ́n ń di búlúù lójú mi. Mo kó wọn sápò, mo bá tèmi lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, kọ̀ǹpútà tẹ èsì jáde: Ọ̀gbẹ́ni Àjàyí ló wọlé. Mo fẹ́ já ìwé náà gbà, Àǹtí Sìkírá sì na ọwọ́ sí páálí mílíìkì kan tó wà nílẹ̀.

“Àwọn tí kò kà nìyí. Jẹ́ ká fọwọ́ ka wọn.”

“Àǹtí, èsì ti jáde! Àwọn èèyàn ń dúró.”

Bí mo ṣe jáde nìyẹn. Mo gun orí tábìlì nílé oúnjẹ, mo ka èsì. Àǹtí Sìkírá ti tẹ̀ lé mi dé, wọ́n dìde láàárín èrò.

“Akọ̀wé, àwọn tí ẹ̀rọ kò kà dà?”

Inú bí mi. Mo rò pé wọ́n fẹ́ dójú tì mí. Mo pariwo mọ́ ẹni tó jù mí lọ lójú gbogbo ayé: “Àǹtí Sìkírá, ẹ jókòó!”

Wọn ò jókòó. Àwọn aláró ló jókòó, gbogbo wọn, sórí ilẹ̀ àgbàlá nínú oòrùn. Wọ́n ní àwọn ò ní ṣiṣẹ́ mọ́ àyàfi tí wọ́n bá dá àwọn lóhùn. Àwọn ahunṣọ náà paná ẹ̀rọ wọn, wọ́n lọ bá wọn. Máníjà sáré dé, ó ní ìbò tó bàjẹ́ ló wà nínú páálí yẹn. Ó kọjú sí Àǹtí Sìkírá.

“Sìkírá, bí o bá gbé páálí yẹn jáde, o ò ní wọ yàrá kọ̀ǹpútà mọ́ láyé rẹ.”

Ẹ̀rù bà mí fún wọn. Gbogbo wa la mọ bí wọ́n ṣe fẹ́ràn yàrá yẹn tó. Àǹtí Sìkírá wọlé lọ. Nígbà tí wọ́n máa jáde, páálí wà láyà wọn, ẹsẹ̀ wọn sì wà lásán. Wọ́n gbàgbé bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí kọnkéré tó ń jó fòfò, wọ́n gbé páálí náà síwájú mi. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, omi ń dà lójú mi.

“Wọn ò bàjẹ́,” ni wọ́n wí. “Wọ́n kàn rin ni. Ẹni tó bá lójú á rí ihò ara wọn.”

Brọ̀dá Làmídì ní kí Ọ̀gbẹ́ni Àjàyí fúnra rẹ̀ máa nà wọ́n sókè lọ́kọ̀ọ̀kan kí gbogbo èèyàn rí i. Ọlọ́run á san án fún Àjàyí, kò fi ẹyọ kan pamọ́. Orúkọ Làmídì ló ń pè, Làmídì, Làmídì, títí páálí fi ṣófo, tí ìbò Làmídì sì borí. Ó wá bọ alága tuntun lọ́wọ́. Ó rọra ṣe é ni, nítorí ọgbẹ́.

Ìbọ̀wọ́ dé kí ọdún tó parí. Mo rí ọjọ́ tí Brọ̀dá Làmídì tún dé bọ́tìnnì ara rẹ̀. Àmọ́ máníjà kò gbàgbé. Wọ́n gbé Àǹtí Sìkírá lọ sí ilé ìkẹ́rùsí ní Ijora, wọn ò sì fojú kan kọ̀ǹpútà mọ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ẹgbẹ́ kọ lẹ́tà kan ṣoṣo lórí ọ̀rọ̀ wọn, máníjà ò dá wa lóhùn, a sì jẹ́ kó tutù. Èmi akọ̀wé ni mo jẹ́ kó tutù.

Láìpẹ́ yìí, ọmọ àbúrò mi tó ń gbani síṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Yaba wá kí mi. Ó ń yin ẹ̀rọ tuntun yìí, èyí tí wọ́n ń pè ní òye àtọwọ́dá, AI. Ó ní ẹ̀rọ náà ló ń bá àwọn ka ìwé àwọn tó ń wáṣẹ́, tó ń ṣa àwọn tó dáa. Ó ní, “Dádì, kì í ṣàṣìṣe.” Mo bi í pé, “Àwọn tí kò ṣà dà?” Ó ní wọ́n wà nínú ẹ̀rọ níbẹ̀. Mo ní, “Ta ló ń wò wọ́n?” Ọ̀sẹ̀ kejì ló pè mí pé òun ti ń fojú ara òun ka àwọn tí ẹ̀rọ tì dànù. Mi ò ní kó ju ẹ̀rọ náà nù. Àǹtí Sìkírá náà kò sọ bẹ́ẹ̀ rí.

Wọ́n ṣì wà ní Mushin, ara wọn le. Gbogbo Iléyá ni mo ń lọ kí wọn, wọ́n á fún mi lẹ́ran, a ó sì máa ṣẹ̀fẹ̀. A ò dárúkọ ọjọ́ yẹn rí. Ojú ló ń tì mí. Ìwé yìí ni mo máa mú dání lọ́tẹ̀ yìí, mo sì máa kà á sókè létí àwọn ọmọ wọn. Ojú gbogbo èèyàn ni mo ti pariwo mọ́ yín, ojú gbogbo èèyàn náà ni mo ti ń tọrọ àforíjì. Àǹtí Sìkírá, mo ní kí ẹ jókòó lọ́jọ́ náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, mà.