Òfin Àga Dúró-Ná

Onígbàjámọ̀ ni ọkọ mi, òun ló sì lórí kunkun jù lọ nínú gbogbo ẹni tí mo mọ̀. Mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ má baà rò pé èèyàn jẹ́jẹ́ kan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Dúró-Ná ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Bí o bá jókòó sórí àga rẹ̀, tó ti ń gẹrun rẹ bọ̀, tí o wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí kò dáa nípa ẹnì kan tí kò sí níbẹ̀, yóò pa kílípà, yóò ní, "Dúró ná. Ṣé ẹni yẹn wà níbí?" Bí o bá ní kò sí, yóò ní kó o jẹ́ kó dé. Bí o bá yí ọ̀rọ̀ padà, kílípà á tún máa dún. Bí o bá kọ̀, bí orí rẹ ṣe wà yẹn ni wàá ṣe gbé e lọ sílé.

Ọdún mẹ́rìnlá la fi wà ní ṣọ́ọ̀bù wa, kò sì sí ẹni tó gbé ààbọ̀ orí lọ sílé rí, àfi ẹnì kan ṣoṣo. Ẹni náà ló sì ni ṣọ́ọ̀bù.

Èmi àti ọkọ mi la jọ ń lo ibẹ̀. Kọ́tìnnì kan ló pín in sí méjì. Níwájú, lẹ́bàá títì, ni àga tirẹ̀ wà, àga onírin tó ń yí, tí awọ ìjókòó rẹ̀ ti ya, tí mo fi téèpù dúdú lẹ̀. Dígí gbọọrọ wà lára ògiri, sípíríìtì àti páúdà wà lórí pẹpẹ kékeré, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì tó fi ń gbọn irun kúrò lọ́rùn èèyàn. Lẹ́yìn kọ́tìnnì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó kọjú sí títì, ni èmi ti ń dirun fún àwọn obìnrin. Òfin Dúró-Ná kò kọjá kọ́tìnnì. Lọ́dọ̀ tèmi, ọ̀rọ̀ ń lọ, ọ̀rọ̀ ń bọ̀. Orí obìnrin kan lè gba wákàtí mẹ́ta. Kí lẹ fẹ́ ká máa ṣe, ká máa wo ògiri?

Ẹ̀ẹ̀kan péré ló sọ ibi tí òfin náà ti wá fún mi. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ṣẹ́ parí, oníbàárà kan sọ fún un pé ìyàwó télọ̀ kan ń yan àlè. Òun náà sọ ọ́ fún oníbàárà tó jókòó tẹ̀ lé e. Kó tó di oṣù kejì, télọ̀ ti lé ìyàwó rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà lẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ tún wá gẹrun, ó ní, "Àṣé mo ṣi obìnrin yẹn mú ni o," ó sì rẹ́rìn-ín. Télọ̀ ò mọ ẹnu tí ọ̀rọ̀ gbà jáde. Ó ṣì ń wá gẹrun lọ́dọ̀ ọkọ mi. Lọ́jọ́ kan tí ọkọ mi ń ro ọ̀rọ̀ yẹn, ó gé ọkùnrin náà létí. Télọ̀ ní kò tó nǹkan, kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Láti ọjọ́ yẹn ni Dúró-Ná ti di Dúró-Ná.

Ní òdìkejì títì, ilé kan dojú kọ wá, ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ewé. Opó kan ló ń gbé ibẹ̀, kò tíì pé ogójì ọdún, ó sì rẹwà débi tó ń bí àwọn oníbàárà mi nínú. Kì í dá sí ẹnikẹ́ni. Ní gbogbo ọjọ́ Túsìdé, bí aago mẹ́rin bá ti lù, pásítọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa á fi báàgì kékeré há abíyá, á wọ ilé yẹn, kò sì ní jáde títí di aago márùn-ún.

Àwọn oníbàárà mi rí i láti ojú fèrèsé. Mo bá wọn rí i. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan tó ń jáde, mo ní, "Ẹ wo bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀, kò bára mu mọ́." Ẹ̀rín pa wá. Mi ò mọ̀ bóyá bó ṣe wọ̀ ọ́ wá láti ilé nìyẹn o. Mi ò tilẹ̀ wo àyà rẹ̀ nígbà tó ń wọlé. Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí jókòó síwájú mi, ó ní òun gbọ́ pé pásítọ̀ gbàgbé ẹ̀wù rẹ̀ sílé opó, pé singílẹ́ẹ̀tì ló wọ̀ lọ sílé. Bọ́tìnnì mi ti rìn yí àdúgbò po, ó ti di odindi ẹ̀wù. Mo mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Mo ń dirun mi lọ.

Ẹ má sì rò pé ọkọ mi fẹ́ràn pásítọ̀. Kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Ó ní ìwàásù rẹ̀ gùn jù. Ọjọ́ ìsinmi kan sì wà tí pásítọ̀ nawọ́ sí ìjókòó ẹ̀yìn láti orí pẹpẹ, tó ní àwọn kan ti sọ ilé Ọlọ́run di yàrá ìsùn. Gbogbo ìjọ bá yíjú, wọ́n bá Dúró-Ná níbi tó ti ń han-nrun. Títí di bí mo ṣe ń sọ yìí, ọ̀rọ̀ yẹn ṣì wà nínú rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ni alàgbà wọlé. Òun ló ni ṣọ́ọ̀bù wa àti mẹ́rin mìíràn tó tò tẹ̀ lé e, ó sì tún jẹ́ àgbà nínú ìjọ wa. Ọkọ mi so aṣọ mọ́ ọn lọ́rùn, ó bẹ̀rẹ̀ láti apá òsì. Orí alàgbà funfun báláú, irun náà ń bọ́ sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ìgbà tí kílípà dé àárín orí ni alàgbà fa ìwé kan yọ lábẹ́ aṣọ.

"Ọmọ mi, wàá bá mi fọwọ́ sí nǹkan kan. Lẹ́tà sáwọn ọ̀gá ìjọ ni, kí wọ́n mú pásítọ̀ yìí kúrò. Ọ̀la ni mo fẹ́ kà á sétí ìjọ. Ìwọ lo dojú kọ ilé obìnrin yẹn. A ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ojú rẹ ló ṣe."

Kílípà dákẹ́.

"Ṣé iná lọ ni?"

"Iná wà, bàbá. Ẹ dúró ná. Ṣé pásítọ̀ wà níbí?"

"Ṣé o ò rí i pé kò sí níbí ni?"

"Obìnrin yẹn ńkọ́?"

"Ṣé o fẹ́ máa bá mi ṣeré ni? Èmi, bàbá rẹ?"

"Ó tì o, sà. Mo rí pásítọ̀ tó wọlé. Mo rí i tó jáde. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín, mi ò sí níbẹ̀. Bí ẹ bá ní bírò, màá kọ ìyẹn sílẹ̀ báyìí, màá sì fọwọ́ sí i. Èyí tó kù, ẹ pe àwọn méjèèjì, kẹ́ ẹ bi wọ́n."

"Kí la tún fẹ́ bi wọ́n? Ọkùnrin tó bọ́ ẹ̀wù síbẹ̀! Gbogbo èèyàn ló rí i!"

"Ẹ mú ẹyọ kan wá nínú gbogbo èèyàn."

Òòyà bọ́ lọ́wọ́ mi lẹ́yìn kọ́tìnnì.

Alàgbà ò pariwo. Ohùn rẹ̀ tilẹ̀ lọ sílẹ̀ sí i. "Ìwọ ọmọ yìí, èmi ni mo ni ṣọ́ọ̀bù yìí. Bí o ò bá fọwọ́ sí i, kó ẹrù rẹ jáde kí oṣù yìí tó parí. Ìyàwó! Wá bá ọkọ rẹ sọ̀rọ̀."

Mo jáde. Mi ò ní purọ́ fún yín, ẹ̀rù bà mí. Ọdún mẹ́rìnlá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ibẹ̀ la ti ń jẹun, ibẹ̀ làwọn ọmọ wa ti kọ́ ìrìn. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Bàbá wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn fọwọ́ sí i. Ìwé lásán ni. Pásítọ̀ yìí náà kọ́ ló ń bú yín níjọ́sí?"

Kò bínú. Ó wò mí nínú dígí, ó ní, "Ìwọ tó ò ń jókòó sí fèrèsé, ṣé o rí ẹ̀wù yẹn?"

Mo fẹ́ dákẹ́. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára mi. Ìtìjú gbà mí láti orí dé ẹsẹ̀, mo sì dìde lórí ìkúnlẹ̀.

"Kò sí ẹ̀wù kankan," ni mo sọ. "Bọ́tìnnì ni. Èmi ni mo sọ ọ́, mo fi pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín. Mi ò sì mọ̀ bóyá bó ṣe wọ̀ ọ́ wọlé nìyẹn."

Mo rò pé alàgbà á káwé rẹ̀ kò. Ṣe ni ojú rẹ̀ tàn. "Ẹ ò rí nǹkan! Bọ́tìnnì! Bọ́tìnnì náà tó!"

Ìbínú ru bò mí lójú. Bí wọ́n bá bi mí títí di òní ohun tó yí mi padà, mi ò ní sọ pé ọkọ mi ni. "Bọ́tìnnì náà tó" yẹn ni. Nǹkan tí mo fi ṣeré lásán, bàbá àgbà fẹ́ fi lé èèyàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

"Alàgbà," ni mo wí, "ẹ má fi ọ̀rọ̀ ẹnu mi lé ẹnikẹ́ni. Ṣọ́ọ̀bù yín rèé. Ẹ gbà á."

Ọkọ mi yíjú wò mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé mi níyàwó. Ó wá sọ fún alàgbà pé, "Bàbá, ẹ yí ọ̀rọ̀ padà, kí n bá yín parí ẹ." Alàgbà tú aṣọ lọ́rùn ara rẹ̀. Apá òsì orí rẹ̀ ń dán, apá ọ̀tún funfun bí òwú. Ó de fìlà mọ́lẹ̀ dé etí, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Onígbàjámọ̀ kan ṣoṣo tó tún wà nítòsí ni èyí tí òun fúnra rẹ̀ lé kúrò ní ṣọ́ọ̀bù kejì léṣìí.

Ọkùnrin kì í dé fìlà nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa. Nígbà tí alàgbà dìde láti ka lẹ́tà ní ọjọ́ kejì, a rí i pé ó ti fi abẹ parí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀: ọ̀gbẹ́ mẹ́ta ló wà lórí rẹ̀, ó lẹ pílásítà mọ́ wọn. Àwọn ọmọdé ń rẹ́rìn-ín. Ó kà á síbẹ̀síbẹ̀. Ó ka orúkọ ọkọ mi mọ́ àwọn ẹlẹ́rìí pẹ̀lú. Dúró-Ná, tí kì í la ojú nínú ìsìn, dìde dúró ní ìjókòó ẹ̀yìn.

"Ẹ yọ orúkọ mi kúrò. Mo rí i tó wọlé, mo rí i tó jáde. Pásítọ̀ fúnra rẹ̀ rèé níwájú yín. Ẹ bi í."

Èmi náà dìde. Mo ní ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀wù, ọ̀dọ̀ mi ló ti wá, irọ́ sì ni. Ẹnì kan pòṣé. Ẹlòmíràn ní kí n jókòó. Mi ò jókòó àfìgbà tí mo sọ ọ́ tán.

Àwọn ọ̀gá ìjọ wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n pe pásítọ̀, wọ́n pe opó náà, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n bi wọ́n ní gbogbo ohun tó yẹ. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n ní kí pásítọ̀ máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Wọn ò sọ ohun tí wọ́n gbọ́ fún wa. Àwọn kan kúrò nínú ìjọ nítorí ẹ̀. Àwọn kan ṣì ń sọ ọ́ di bí mo ṣe ń sọ yìí.

Alàgbà náà ò yẹ ohùn. Kí oṣù tó parí, a kó jáde. Ọkọ mi gbé àga onírin yẹn rù láti ṣọ́ọ̀bù délé. Etí dígí wa sì ṣẹ́ lójú ọ̀nà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa la wà báyìí. Oníbàárà ò pọ̀ tó ti tẹ́lẹ̀, òjò sì máa ń fẹ́ sí wa lára. Kò sáyè kọ́tìnnì níbẹ̀. Àga méjèèjì wà lójú kan, òfin kan ló sì ń darí wọn. Mo ti pàdánù oníbàárà méjì nítorí ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, pásítọ̀ fúnra rẹ̀ wá jókòó sórí àga. Kò gẹrun lọ́dọ̀ wa rí. Ọkọ mi kí i díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Irun ti ń lọ sílẹ̀ lápá kan nígbà tí pásítọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Ẹ ti pàdánù ṣọ́ọ̀bù yín nítorí mi. Ó tọ́ sí yín láti mọ ohun tí mò ń ṣe nílé yẹn. Obìnrin yẹn, ṣé ẹ rí i, ó ní..."

Ọwọ́ mi dúró lórí irun tí mò ń dì. Etí mi là sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó gba ṣọ́ọ̀bù ọdún mẹ́rìnlá lọ́wọ́ mi rèé, ó ń bọ̀ wá bá mi fúnra rẹ̀. Mo wo ọkọ mi. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò pa kílípà. Èmi ló ń wò nínú dígí tó ṣẹ́ létí yẹn. Ó fi í sílẹ̀ fún mi.

"Ẹ dúró ná, Pásítọ̀," ni mo wí. "Ṣé obìnrin yẹn wà níbí?"

Ọkọ mi pa kílípà. Pásítọ̀ wo orí rẹ̀ tó dá sí méjì nínú dígí.

"Kò sí níbí," ló sọ.

"Ẹ jẹ́ kó dé."

Ó mi orí díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó yá, ó béèrè bóyá òjò á rọ̀ lọ́la, kílípà sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Ìwàásù rẹ̀ ṣì gùn jù. Ọkọ mi ṣì ń sùn sí i. Ní ti ohun tó ń gbé Pásítọ̀ lọ sílé opó yẹn, mi ò mọ̀ ọ́n títí di òní, ó sì ń yún mi létí tọ̀sán-tòru. Àmọ́ bí ẹnikẹ́ni bá mọ̀ ọ́n, tó sì fẹ́ wá sọ ọ́ fún mi lọ́dẹ̀dẹ̀ yìí, kó mú obìnrin náà dání wá.