Orin ìyàwó mi lórí gìtá àpótí sìgá

Ìyá Sádíà, aládùúgbò mi ní Ṣàngó níbí, fẹ́ bá mi jà lónìí.

Mo fi àpótí sìgá onípákó kan ṣe gìtá, mo tú wáyà bíréèkì ọ̀kadà ṣe okùn rẹ̀. Kọ́ọ̀dù mẹ́ta péré ni mo mọ̀. Orin tí olóògbé ìyàwó mi máa ń kọ tó bá ń fọṣọ ni mò ń wá lórí rẹ̀.

Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà mi. "Baba, iṣẹ́ òru ni mo ṣe mọ́jú ní kọ́ńpìnnì o! Ẹ jẹ́ n sùn!"

"Fi òwú dí etí ẹ."

Kò lọ. "Ẹ ti ṣì í. Ìyàwó yín máa ń gbé ohùn sókè níbẹ̀ yẹn ni."

Ó kọ orin náà dé ìparí. Mo gbé ìka sí kọ́ọ̀dù kẹta. Òun gan-an nìyẹn! Mo ti gbàgbé ìparí rẹ̀ pátápátá.

Ẹ̀yin tí ẹ ti sin ìyàwó, orin wo ló kù lọ́wọ́ yín? Ẹ kọ ọ́ síbí kí ẹ tó gbàgbé.