Bàbá Pláànù, Ẹni Tó Fi Epo Pupa Dán Kọ̀ǹpútà Wò

Gbogbo Òkìtìpupa ló mọ ìtàn epo pupa náà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló ń sọ ọ́ lódì. Àwọn kan ní ṣe ni olóògbé da epo sínú kọ̀ǹpútà. Irọ́ ni! Ṣíbí méjì péré ni, orí náílọ̀n ló sì wà. Àlàmú Dúrósinmí, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Pláànù, lè bínú láti àárọ̀ di alẹ́, ṣùgbọ́n kò jẹ́ ba ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ jẹ́.

Ọdún 1998 ni, nínú ọyẹ́ tó mú gbogbo epo tó wà nílùú dì gbagidi. Ayọ̀mípọ̀sí, ọmọkùnrin kan tó ń ta kọ̀ǹpútà, gbé ọjà méjì wá sí ṣọ́ọ̀bù tí Bàbá Pláànù ti ń ya pláànù ilé fáwọn èèyàn. Ọ̀kan jẹ́ láptọ́ọ̀pù, dúdú, pẹlẹbẹ, tó ṣeé pa dé bí ìwé orin. Èkejì ni wọkisítéṣọ̀n, kọ̀ǹpútà ńlá táwọn tó ń yàwòrán ilé nílùú ńlá ń lò: àpótí irin kan tó ga dé orúnkún, àti ojú rẹ̀ tó dà bíi tẹlifíṣọ̀n, tó sanra bí ewúrẹ́ tó lóyún.

"Bàbá, iye kan náà ni mò ń ta méjèèjì," ni Ayọ̀mípọ̀sí wí, ó ń tún táì rẹ̀ ṣe. "Pírósẹ́sọ̀, ìyẹn ọpọlọ tó ń bá wọn ronú, igba ni ti èyí, igba ni ti ìyẹn. Eré kan náà ni wọ́n ń sá. Kí lẹ wá fẹ́ fi èyí tó wúwo ṣe?"

"Ta ló sọ fún ọ pé igba ni?"

"Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀, Bàbá."

"Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀!" Bàbá Pláànù dìde. "Wọ́n kọ 'Má Mikàn' sára takisí tó ń lọ Igbotako. Ṣé ìyẹn ni kò jẹ́ kó wọ kòtò lánàá?"

Adédoyin, ọmọ àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, kò gbójú kúrò lára láptọ́ọ̀pù. Látìgbà tí Ayọ̀mípọ̀sí ti ṣí láptọ́ọ̀pù yẹn ni ọkàn rẹ̀ ti wọ inú rẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní kọ̀ǹpútà. Inú ìwé ìròyìn àlòkù ló ti kọ́ ọ, èyí tí ìyá kan fi ń di ẹ̀pà, ó sì máa ń jẹ ẹ̀pà kó lè rí ojú ìwé kejì. Ó ti ń rí ara rẹ̀ lórí ọ̀kadà, láptọ́ọ̀pù léjìká, tó ń lọ fi pláànù han àwọn èèyàn ní Ìjù-Odò.

Ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ìjọ kan ní Ìkọ̀yà fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tuntun. Pásítọ̀ wọn, Adéríbigbé, ti ránṣẹ́ pé kọ̀ǹpútà ni kí wọ́n fi yà á, àti pé ìgbìmọ̀ fẹ́ fojú ara wọn rí i nínú kọ̀ǹpútà ọ̀hún, níbẹ̀ ní Ìkọ̀yà. Bí kò bá ṣeé ṣe, àwọn kan ní Àkúrẹ́ ti ṣe tán láti gba iṣẹ́ náà. Láti bí ọgbọ̀n ọdún ni Bàbá Pláànù ti ń fi pẹ́ńsù àti rúlà yàwòrán, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti ń gbẹ. Bí iṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì yìí bá bọ́, wọ́n á ti ṣọ́ọ̀bù. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni agbára wọn sì ká.

"Doyin! Lọ bá mi gba epo lọ́wọ́ Ìyá Mildred." Ìyá Mildred ló ń ta epo àti ẹja ní ṣọ́ọ̀bù kejì.

"Epo kẹ̀? Ṣé ẹ fẹ́ jẹun ni, Bàbá?"

"Ẹni tó bá tún bi mí ní ìbéèrè ni mo fẹ́ jẹ!"

Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, Bàbá Pláànù ti ṣọ́ ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi ń fún epo, ibẹ̀ ló sì ti kọ́ pé kò sí ẹ́ńjìnnì tí kì í dára ní àárọ̀. Ó ní kí Adédoyin gbé pláànù ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan sínú kọ̀ǹpútà méjèèjì, kí wọ́n máa yà á, kí wọ́n máa pa á rẹ́, kí wọ́n tún máa yà á, láìsinmi. Ó wá gbé ṣíbí epo dídì kọ̀ọ̀kan lé náílọ̀n, ó fi ọ̀kan sórí láptọ́ọ̀pù, ó fi èkejì sórí àpótí irin. Ó fa àga, ó jókòó, ó káwọ́ gbera, ó ń wo wọ́n bí ọlọ́pàá tó mú olè méjì.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn méjèèjì ń sáré dọ́gba. Ayọ̀mípọ̀sí rẹ́rìn-ín. "Ẹ rí i, Bàbá? Igba àti igba."

"Kò tíì gbóná. Pa ẹnu ẹ mọ́."

Nígbà tó di ọ̀sán, epo orí láptọ́ọ̀pù ti yọ́, ó ti tàn ká náílọ̀n, ó ń dán yinrin. Láptọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀ sì ti ń fà: á ya ìlà kan, á mí, á ya ìlà mìíràn, á tún mí. Epo orí àpótí irin ṣì dì bó ṣe dì. Fáànù inú rẹ̀ ń bú ramúramù, pláànù sì ń jáde wàràwàrà bíi ti àárọ̀.

"Ó ń dẹ ẹsẹ̀ kó má baà jóná ni, Bàbá," Ayọ̀mípọ̀sí ṣàlàyé. "Ibi tó há ni ọpọlọ rẹ̀ wà. Ọgbọ́n ni wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀."

"Ọgbọ́n! Igba tó ń di ọgọ́rùn-ún bí ara bá ti gbóná, ṣé igba nìyẹn? Ooru ti jẹ àádọ́ta níbẹ̀, ìwọ náà ti jẹ àádọ́ta!"

Ariwo yẹn ló mú Ìyá Mildred yọjú. Ó wo epo, ó wo láptọ́ọ̀pù. "Ọmọ mi," ó sọ fún Ayọ̀mípọ̀sí, "èló ni èyí? Mo lè máa fi yọ́ epo mi láràárọ̀. Kì í kúkú jẹ igi ìdáná."

Inú bí Adédoyin débi pé omi lé sójú rẹ̀. "Bàbá, ṣùgbọ́n èyí ṣeé gbé! Ìkọ̀yà la ń lọ! Wọ́n ní àwọn fẹ́ rí i lọ́hùn-ún!"

"Ọjọ́ kan ṣoṣo la máa gbé e lọ Ìkọ̀yà. Gbogbo ọjọ́ yòókù, iṣẹ́ la máa fi ṣe. Èwo lo fẹ́, ohun tó ṣeé gbé ni, àbí ohun tó ṣeé fi ṣiṣẹ́?"

Ó ra wọkisítéṣọ̀n. Adédoyin kò bá a sọ̀rọ̀ títí ọ̀sẹ̀ fi parí. Ayọ̀mípọ̀sí ní tirẹ̀ ò rí ìsinmi mọ́ ní gbogbo ilẹ̀ Ìkálẹ̀: ibi tó bá gbé láptọ́ọ̀pù dé, ẹnìkan á ti lọ bu epo wá.

Bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn. Ó ń bínú ju ẹnikẹ́ni lọ, ṣùgbọ́n ohun tí kò ní etí ló sábà máa ń bá jà. Káfíńtà kan gbé ilẹ̀kùn tó wọ́ wá fún un rí. Kò wo káfíńtà rárá, ilẹ̀kùn ló kọjú sí. "Ìwọ yìí, ojú ò tì ọ́? Báyìí lo ṣe fẹ́ dúró lójú èèyàn?" Káfíńtà ló ń bá ilẹ̀kùn bẹ̀bẹ̀.

Bí NEPA bá mú iná lọ, á jáde síta, á dúró níwájú òpó, á máa bá a wí ní èdè Ìkálẹ̀ tó jinlẹ̀. Iná ti dé lẹ́ẹ̀kan níbi tó ti ń bú òpó lọ́wọ́, látìgbà náà ni àwọn ará àdúgbò ti gbà pé ó ń ṣiṣẹ́. Iná á lọ báyìí, Ìyá Mildred á ti kan ògiri: "Bàbá Pláànù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bínú!"

Ìyá àgbà kan sì wà ní Ìjù-Odò tó yàwòrán ilé fún. Ìyá náà ru apẹ̀rẹ̀ púpurú, oúnjẹ tí wọ́n ń fi gbágùúdá ṣe, wá kí i. Inú bí Bàbá Pláànù burúkú pé irú arúgbó bẹ́ẹ̀ ń ru ẹrù. Ó já apẹ̀rẹ̀ gbà lórí rẹ̀, ó gbé e ka orí ara rẹ̀, ó ń kùn, ó sin ìyá délé ní Ìjù-Odò, ó sọ ẹrù kalẹ̀ síwájú ilé, ó sì padà. Ó ti fẹ́ dé Òkìtìpupa kó tó rántí pé òun ni wọ́n gbé púpurú náà wá fún.

Ọjọ́ Ìkọ̀yà wá dé. Ọ̀kadà mẹ́ta ni wọ́n gbà. Wọ́n de àpótí irin mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kan. Adédoyin gbá ojú kọ̀ǹpútà mọ́ra lórí èkejì. Bàbá Pláànù wà lórí ẹ̀kẹta, ó ń pariwo fún gbogbo wọn kí wọ́n rọra. Wọ́n rọra títí, títí tí wọ́n fi dé kòtò kan tí ìjọba ti ń ṣèlérí àtidí látọjọ́ pípẹ́. Ọ̀kadà Adédoyin ta, ojú kọ̀ǹpútà fò, ó balẹ̀ gbàmù! Dígí fọ́n ká ojú ọ̀nà.

Àwọn ọlọ́kadà fà sẹ́yìn, wọ́n ń dúró de ìjì. Bàbá Pláànù sọ̀ kalẹ̀, ó wá sọ́dọ̀ Adédoyin. "Ṣé o ṣèṣe?"

"Rárá, Bàbá."

Ó wá yíjú sí kòtò. Ohun tó sọ fún kòtò náà kò ṣeé kọ sínú ìwé. Nígbà tó ṣe tán, ó ní: "Ó fọ́jú ni, kò ya wèrè. Ọpọlọ ẹ̀ ṣì wà nínú àpótí. Ẹ jẹ́ ká lọ!"

Ní Ìkọ̀yà, ìgbìmọ̀ ti jókòó sórí pápá tí wọ́n fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì sí. Pásítọ̀ Adéríbigbé yí àpótí irin náà po. "Bàbá, ibo la ti máa wò ó?"

"Àwọn ará Àkúrẹ́ ní èyí tó ń wọ báàgì làwọn máa gbé wá," ni ẹnìkan nínú ìgbìmọ̀ wí, àwọn yòókù sì rẹ́rìn-ín.

Adédoyin ò lè mú un mọ́ra mọ́. "Ṣé mo sọ fún yín àbí mi ò sọ?" Ó bú sẹ́kún níṣojú gbogbo wọn. "Ṣé mo sọ?"

"O sọ," ni Bàbá Pláànù dáhùn jẹ́jẹ́. Jẹ́jẹ́ yẹn ló dẹ́rù ba Adédoyin jùlọ. Kò gbọ́ ọ rí.

Bàbá Pláànù bọ́ bàtà. "Ẹ bá mi wá eérú wá."

Wọ́n kó eérú wá láti ilé ìdáná. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bù ú sórí pápá ní ìlà gbọọrọ gbọọrọ, ó ń fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀, kò wo ìwé kankan. Ògiri nìyí. Ẹnu ọ̀nà nìyí. Ibi pẹpẹ rèé. Ṣọ́ọ̀ṣì náà hàn kedere lórí koríko bó ṣe máa tóbi gan-an. Pásítọ̀ ń rìn bọ̀ láti wá wo pẹpẹ.

"Pásítọ̀!" Ìbínú ti padà dé, Adédoyin sì mí kanlẹ̀. "Inú ògiri lẹ gbà kọjá yẹn! Ẹ padà! Ẹ gba ẹnu ọ̀nà!"

Ìránṣẹ́ Ọlọ́run ká ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó padà, ó sì gba ẹnu ọ̀nà wọlé.

Bàbá Pláànù ní kí wọ́n gbé bẹ́ńṣì wá, ó tò wọ́n, ó ní kí wọ́n jókòó. Bàbá arúgbó kan lẹ́yìn pátápátá na ọrùn. "Mi ò rí pẹpẹ dáadáa láti ibí o."

"Òpó ló dí yín lójú."

Kò sí òpó kankan níbẹ̀. Bàbá arúgbó sún díẹ̀ sí ọ̀tún, ó tún wò ó. "Ẹn-ẹ́n! Mo ti rí i báyìí."

Bí wọ́n ṣe gba iṣẹ́ náà nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, wọ́n dúró de ọlọ́kadà tí táyà rẹ̀ jò. Inú ṣì ń bí Adédoyin. "Bàbá, tẹ́ ẹ bá lè fi eérú ṣe é, kí la wá ra kọ̀ǹpútà fún?"

Bàbá Pláànù jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. "Doyin, èmi ni láptọ́ọ̀pù yẹn. Kíá lara mi ń gbóná, mo sì ti ń dẹ ẹsẹ̀. Ariwo mi lo máa ń gbọ́, o ò rí bí mo ṣe ń dúró mí lórí àtẹ̀gùn. Mo fẹ́ ohun tí kò ní dẹ ẹsẹ̀ lọ́wọ́ rẹ nígbà tí mi ò bá sí níbẹ̀." Lẹ́yìn náà ló kọjú sí táyà. "Ìwọ náà! Ṣé òní lo mọ̀ pé o máa jò?"

Ayọ̀mípọ̀sí bá wọn wá ojú mìíràn, wọkisítéṣọ̀n sì ya ṣọ́ọ̀ṣì Ìkọ̀yà láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé, ó ń bú ramúramù. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti Igbotako, ó ń wá láti Ìjù-Odò. Kò dẹ ẹsẹ̀ fún Adédoyin rí, àfi tí NEPA bá mú iná lọ.

Ní òjò ọdún 1999 ni Bàbá Pláànù sùn tí kò jí mọ́. Ìyá Mildred ní ó yẹ kí àwọn ti fura: iná lọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, kò jáde bú òpó.

Àwọn ará Ìkọ̀yà ní inú ṣọ́ọ̀ṣì tó yà ni àwọn á ti ṣe ìsìn ìkẹyìn fún un. Ṣọ́ọ̀ṣì tuntun kò sì tíì ju orúnkún èèyàn lọ. Owó ti tán, iṣẹ́ ti dúró, koríko ti ń hù lójú àlàfo tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ilẹ̀kùn. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin gbé pósí dé ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ọ̀nà ibẹ̀ ló yá. Èyí tó wà níwájú ti gbé ẹsẹ̀ kan sókè kó gba orí ògiri kọjá.

Ló bá dúró. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lókè. Gbogbo wọn dúró. Gbogbo èèyàn tó wà lórí pápá ló tẹ́tí bíi pé wọ́n ń retí ẹnìkan kó pariwo.

Adédoyin gbọ́ ẹ̀rín tó ti inú rẹ̀ bọ̀, kò sì lè dá a dúró. Ìyá Mildred náà bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà Ayọ̀mípọ̀sí tó fa táì rẹ̀ bo ẹnu, lẹ́yìn náà gbogbo ìjọ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń nu ojú.

Pásítọ̀ Adéríbigbé nu ojú tirẹ̀ náà, ó sì rọra sọ ọ́.

"Ẹ padà. Ẹ gba ẹnu ọ̀nà."

Wọ́n gbé e yí po ògiri náà, wọ́n sì gba ẹnu ọ̀nà wọlé.