Afẹ́fẹ́ Inú Kílọ́ọ̀ṣì Ninsiima

Ninsiima kò fẹ́ kí wọ́n ta alùpùpù náà. Ohun tó gbà á lọ́kàn láàárọ̀ Sátidé yẹn kò ju ìyẹn lọ.

Lórí òkè wa lẹ́yìn ìlú Kabale ní Uganda, ẹgbẹ́ kan wà tó ń gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn ìsàlẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ gígùn tí a ń pè ní engozi ni wọ́n fi ń gbé wọn, ọkùnrin mẹ́rin lábẹ́ rẹ̀, òjò ìbáà máa rọ̀. Ninsiima, tó ń tún alùpùpù ṣe lẹ́bàá ọ̀nà, ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ gbà wọlé. Òun ló rọ̀ wọ́n kí wọ́n ra alùpùpù ńlá kan tó ti gbó, ó sì kan apẹ̀rẹ̀ onítáyà méjì tí yóò máa fà lẹ́yìn. Bí alùpùpù bá gun òkè lọ́jọ́ náà pẹ̀lú ènìyàn nínú apẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ ò ní tà á. Bí kò bá gùn ún, oníṣòwò kan ti wá láti ìlú, ó fẹ́ rà á.

Mo lọ wò ó nítorí mi ò gbà pé yóò gùn ún. Mo ti rí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ijó àti ayọ̀ gbà lórí òkè yìí, tí adìyẹ ń yé sínú wọn báyìí.

Kílọ́ọ̀ṣì, tí a ń fún ká tó ki jíà, ló ń fa wàhálà. Wáyà ló ń fa ti alùpùpù kékeré. Ọ́ìlì ló ń ti eléyìí, nínú rọ́bà tó ti ọwọ́ alùpùpù lọ sí ìdí ẹ́ńjìnnì. Afẹ́fẹ́ ti wọ inú ọ́ìlì náà. Bí Ninsiima bá fún irin kílọ́ọ̀ṣì, ńṣe ló ń rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù. Bó bá ki alùpùpù sí jíà, á ta síwájú lẹ́ẹ̀kan, á sì kú.

Ìrì kò tíì gbẹ tó ti ń yọ afẹ́fẹ́ náà. Á fún irin léraléra, á dì í mú, á fi sípánà tú nọ́ọ̀tì kékeré tó wà nídìí ẹ́ńjìnnì díẹ̀. Ọ́ìlì àti ìfófòó á tú sínú agolo, á dè é padà kó tó jọ̀wọ́ irin, á wá bu ọ́ìlì tuntun sí ike tó wà lórí ọwọ́ alùpùpù. Irin náà ṣì rọ̀ síbẹ̀.

“Ninsiima, ṣé màlúù lò ń fún wàrà ni?” Turyatemba ló bèèrè. Òun ni ẹgbẹ́ yàn láti wọ apẹ̀rẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó wúwo bíi tirẹ̀ lórí òkè náà. Wọn ò tíì so ó mọ́ alùpùpù, ṣùgbọ́n ó ti jókòó sínú rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà tipẹ́, ó ń jẹ ọ̀dùnkún bíbọ̀. “Tó bá jáde, bu tèmi o.”

“Ẹ rọra jẹun, ẹ̀gbọ́n. Gbogbo ọ̀dùnkún tẹ́ ẹ bá gbé mì, èmi ni mà á wà á gòkè.”

Bàbá Rwabutomize, olórí ẹgbẹ́, bú sẹ́rìn-ín. Ó ti gbé engozi àtijọ́ wá, ó fi ti ògiri. “Ọmọ mi, má da ara ẹ láàmú. Afẹ́fẹ́ kì í wọ èjìká tiwa.”

“Bàbá, ṣé èjìká yín tó ń dún kẹ̀ẹ̀kẹ̀ẹ̀ yẹn náà?”

Bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ ni ọkọ̀ akẹ́rù kan já wálẹ̀, tó tẹ fèrè.

“Ẹ gbé kiní yìí kúrò lọ́nà, ẹ jọ̀ọ́!” awakọ̀ pariwo. “Àbí ẹ ti ra títì ni?”

Ninsiima dé ike ọ́ìlì, ó ti alùpùpù kọjá títì, ó sì yí i wọ ẹnu ọ̀nà ilé kan. Nígbà tó dúró, òkè ni imú alùpùpù kọjú sí. Ó ṣí ike padà, ó fún irin díẹ̀. Pọ̀. Pọ̀, pọ̀. Ìfófòó ń yọ lójú ọ́ìlì.

Ó tẹjú mọ́ ọn. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

Lọ́dọ̀ wa, kò sẹ́ni tó ń gbé alùpùpù kọjú sí òkè. Ìsàlẹ̀ ni gbogbo wa ń kọ ọ́ sí, kó lè yí lọ fúnra rẹ̀, kó sì tan bí bátìrì bá kú. Bí Ninsiima náà ṣe gbé e nìyẹn, kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n bí imú alùpùpù bá tẹ̀ sísàlẹ̀, ibì kan lára rọ́bà yẹn máa ń ga ju ike lọ, ibẹ̀ sì ni afẹ́fẹ́ lọ sá pamọ́ sí. Ọ́ìlì tó ń tú jáde nísàlẹ̀ kò rí i mú.

Mo ní kó tún ṣe é kí n rí i. Ó fi ìdí sípánà gbá rọ́bà náà jẹ́jẹ́, ó tún fún irin. Ìfófòó mìíràn tún yọ, títí tí kò fi sí mọ́.

“Bàbá, ẹ wá fún un wò!”

Bàbá Rwabutomize fún irin náà, ojú rẹ̀ yí padà. “Háà! Ó ń bá mi jà!”

Wọ́n so apẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ninsiima gbéra, alùpùpù ń bú, Turyatemba sì ń juwọ́ sí àwọn obìnrin tó ń ro oko ọkà bàbà bí ẹni tó wọlé ìbò. Níbi tí òkè ti dúró ṣánṣán jù, Bàbá Rwabutomize, tó ń bá mi fẹsẹ̀ tẹ̀ lé wọn, kígbe:

“Dúró níbẹ̀! Bí aláìsàn bá fẹ́ bì ńkọ́?”

Ohun tí èmi náà ń retí nìyẹn: kó dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, ká wò ó bóyá á tún lè gbéra. Ninsiima dúró. Ó tẹ bíréèkì, ó fún kílọ́ọ̀ṣì, ó ki í sí jíà. Alùpùpù kò ta, kò kú. Ninsiima rọra jọ̀wọ́ irin náà, wọ́n sì ń gòkè lọ.

“Mi ò tíì bì o!” Turyatemba ń pariwo. “Máa lọ!”

Nígbà tí Bàbá Rwabutomize fi máa mí hẹlẹhẹlẹ dé òkè, Turyatemba ṣì jókòó sínú apẹ̀rẹ̀.

“Ẹ sọ fún oníṣòwò yẹn kó máa lọ sílé ẹ̀,” bàbá wí. “Turyatemba, bọ́ sílẹ̀ jàre. Ṣé èmi ni mà á fẹsẹ̀ rìn padà ni?”